Kí Ẹ Tó Gun Orí Ìtàgé

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ eré, tí ẹ sì tún ń ṣe é fúnra yín, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti ní gbọ̀ngàn ńlá àti olówó lẹ́yìn kò nílò tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe rìhásà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ nígbà tí oníṣọ́ọ̀bù bá ti relé, tí ẹ ń yá kíláàsì ilé ìwé lọ́jọ́ Sátidé, tí òǹwòran yín kì í ju ogójì lọ, tí àwọn òbí yín sì ń béèrè ìgbà tí ẹ máa wáṣẹ́ gidi, ẹ̀yin ni. Mo ti gbọ́ àròyé yín. Ẹ ní kò sí ìtàgé, kò sí owó, ìjọba ò dá sí i, ojú gbogbo èèyàn wà lára fóònù. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ohun mìíràn wà tó yẹ kó kọ́kọ́ jẹ yín lógún, ìtàn ọkùnrin kan ni màá sì fi sọ ọ́: Dúró Ládiípọ̀ ará Òṣogbo.

Dúró kì í ṣe ọmọ olówó. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà, ilé tí wọ́n ti ń kọ orin ìsìn láàárọ̀ lálẹ́ ló sì dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ìlù àti òrìṣà wà nínú ìran rẹ̀ kí ìgbàgbọ́ tó dé, ọmọ tó bá sì gbé ní Ọ̀tan Ayégbajú bíi tirẹ̀ láyé ìgbà náà kò lè ṣàì gbọ́ bàtá bí ọdún bá kò. Ó di tíṣà, ó ṣiṣẹ́ tíṣà dé Kàdúná, ó padà sílé. Títí di ìgbà yẹn, kò sí ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn tíṣà ìgbà rẹ̀, àfi pé orin ò jẹ́ kó sùn.

Ní àsìkò Ọdún Àjíǹde 1961, ó kọ kàǹtátà kan fún ìjọ ní Òṣogbo. Ìtàn Jésù ni, orin Yorùbá ni, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Àwọn àgbà ìjọ yarí pé ìlù tí wọ́n ń lù fún òrìṣà kò gbọdọ̀ dún nínú ilé Ọlọ́run. Lónìí tí ìyáàlù ń dún ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tùn-ún lósì, ẹ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kò kéré rárá. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọ ni wọ́n ń bá wí, ní ìlú tí gbogbo èèyàn ti mọ bàbá rẹ̀. Ẹlòmíì ì bá tọrọ àforíjì, kó padà sídìí dùùrù. Ẹlòmíì ì bá bínú fi orin sílẹ̀ pátápátá. Dúró kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó gbé kàǹtátà náà jáde, ó ń ṣe é níbi tí wọ́n bá ti gbà á, títí tó fi dé orí tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀nà kan ò wọjà, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Wọ́n á lé ẹ̀yin náà jáde níbì kan. Ọ̀gá ilé ìwé á ní kí ẹ má wá mọ́, onígbọ̀ngàn á gba owó yín tán kó tó sọ pé òun ti yá a fún ìgbéyàwó. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fi ọdún kan ṣe ẹjọ́ rẹ̀ káàkiri. Ẹ bi ara yín léèrè pé: eré yìí, ta ló tún lè gbà á?

Àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí lókè òkun. Ní ọdún 1947, nígbà tí ìlú Edinburgh ní Scotland bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ńlá kan fún orin àti eré, ẹgbẹ́ òṣèré mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni kò pè wá síbẹ̀. Wọ́n wá gbọ̀ngàn kéékèèké fúnra wọn, wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì fúnra wọn, wọ́n ṣe eré wọn. Láti ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní Fringe ti bẹ̀rẹ̀, tó wá tóbi ju àjọ̀dún ńlá náà gan-an lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe eré ní Freedom Park l'Ékòó, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mọ orúkọ yẹn dáadáa. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ ní Edinburgh kò ṣàjèjì sí wa. Alárìnjò ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́, láti ìlú dé ìlú, láti àgbàlá dé ojúde.

Dúró náà wá ibi tirẹ̀. Ilé ọtí kan ló ní l'Óṣogbo, Popular Bar ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ló sọ di ìtàgé. Ulli Beier, ará Jámánì tó ń kọ́ni ní yunifásítì Ìbàdàn tó sì ń gbé Òṣogbo, ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1961, Mbari, tí Wọlé Ṣóyínká àti Chinua Achebe wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 1962, wọ́n ṣí ti Òṣogbo, wọ́n sì pè é ní Mbári Mbáyọ̀. Àgbàlá kan ni, kò ní àga tìmùtìmù, kò ní aṣọ ìkélé olówó iyebíye. Ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàárín rẹ̀ àti ti Ìbàdàn ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń lọ sí ti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ní Òṣogbo, ìyá aláta àti ọmọ mẹkáníìkì lè yà wọlé bí wọ́n bá gbọ́ ìlù. Mo gbà gbọ́ pé àwọn òǹwòran wọ̀nyẹn wà lára ohun tó kọ́ Dúró níṣẹ́. Ọ̀mọ̀wé á pàtẹ́wọ́ fún yín nítorí ìwà ọmọlúàbí. Ìyá aláta á dìde máa lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé Beier ló ṣe Dúró. Mi ò gbà. Ó ṣílẹ̀kùn fún un, ó gbà á níyànjú, ó kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òyìnbó kì í kọ́ni ní oríkì Ṣàngó, kì í sì í kọ́ni bí ìyáàlù bàtá ṣe ń dáhùn sí ẹsẹ̀ oníjó. Ibòmíràn ni Dúró ti lọ kọ́ ìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni mo fẹ́ mú yín lọ.

Eré tó kọ́kọ́ gbé jáde ní Mbári Mbáyọ̀ lọ́dún 1962 ni Ọba Mọ́rọ̀. Ìtàn Aláàfin tó fẹ́ kó ìlú kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́ ni. Àwọn ìjòyè tí ara ti tù ní Ìgbòho kò fẹ́, wọ́n bá kó àwọn abirùn lọ sórí ilẹ̀ náà lóru kí wọ́n máa ṣe bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba ọba. Ọba gbọ́n jù wọ́n lọ: ó rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n kó gbogbo iwin náà. Ìtàn tó dùn ni, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀, ọgbọ́n ìṣèlú náà sì wà nínú rẹ̀. Léré Páímọ́ tí gbogbo yín mọ̀ lórí fíìmù ló ṣe Baṣọ̀run nínú eré yẹn. Ọwọ́ ẹni tó kọ kàǹtátà ló ṣì hàn níbẹ̀, tíṣà tó ń to orin fún ẹgbẹ́ akọrin. Ọ̀pọ̀ nínú yín ì bá dúró síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa ṣe irú rẹ̀ fún ogún ọdún, torí àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Dúró kò dúró síbẹ̀. Ó lọ jókòó ti àwọn tó ni ọ̀rọ̀. Ó lọ bá àwọn onílù, ó lọ bá àwọn adóṣù Ṣàngó, ó fetí sí bí wọ́n ṣe ń pe Ṣàngó, ohun tí wọ́n ń sọ àti ohun tí wọn kì í sọ. Ọmọ ìjọ ni o, ọmọ tí wọ́n tọ́ pé kó máa sá fún wọn. Nígbà tí ọdún kan pé tí wọ́n ṣí Mbári Mbáyọ̀, ní 1963, ó gbé Ọba Kò So jáde, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe Ṣàngó. Ẹ gbé eré méjèèjì síra wọn kẹ́ ẹ rí i: ọdún kan péré ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jìn síra. Ọ̀rọ̀ inú ìkejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan jókòó kọ lórí tábìlì. Oríkì ni, ọfọ̀ ni, ẹ̀bẹ̀ ni, èébú ààfin ni. Ìlù kò sì dúró lẹ́yìn òṣèré mọ́. Òun náà ti di òṣèré, ó ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká wo ibì kan péré nínú rẹ̀. Ṣàngó ní jagunjagun méjì tí agbára wọn ti ń ba ìlú lẹ́rù, Tìmì Ọlọ́fà-iná àti Gbọ́nkáà. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ kó lọ máa ṣọ́ ẹnubodè, èrò ọkàn rẹ̀ ni pé kí ó má padà mọ́. Tìmì lọ, kò kú, ó di ọba níbẹ̀. Ṣàngó wá rán Gbọ́nkáà lọ mú un wá. Nígbà tí àwọn méjèèjì kojú ara wọn, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ì bá sọ ibẹ̀ di gídígbò àti idà onípákó. Dúró kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn ni wọ́n fi jà. Tìmì di ọfà iná rẹ̀ mú, Gbọ́nkáà kò gbé ohun ìjà sókè; ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọfọ̀ pe oorun. Ọ̀rọ̀ náà ń rọra bọ̀, ó ń tún ara rẹ̀ sọ, ó ń wúwo sí i, ẹ sì ń rí ọwọ́ Tìmì tó ń rọ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ tó ń wálẹ̀, orúnkún rẹ̀ tó ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí akọni tí ẹnikẹ́ni kò lè súnmọ́ fi sùn lọ bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí mo wò ó, àwọn tó jókòó yí mi ká kò mí. Ẹ kó gbogbo iná àti aṣọ kúrò lórí ìtàgé yẹn, ìran náà á ṣì dúró, nítorí àwọn tó ń lò ó mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọfọ̀, ibi tí wọ́n ti ń mí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fà gùn àti èyí tí wọ́n ń gé kúrú. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé nígbà yẹn. Ẹnu àwọn èèyàn ló wà.

Ohun tí mo fẹ́ kó jẹ yín lógún nìyẹn. Kí ẹ tó wá ìtàgé, ẹ lọ wá ẹni tó mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbé sórí rẹ̀. Bí eré yín bá dá lórí ọdẹ, ẹ lọ sùn lágọ̀ọ́ ọdẹ. Bó bá dá lórí àwọn awakọ̀ dánfó, ẹ lọ jókòó sí gáréèjì ní Ọ̀ṣòdì láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú, kẹ́ ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn àti bí wọ́n ṣe ń bẹ ara wọn. Bó bá dá lórí ìyá tí ọmọ rẹ̀ lọ sí Líbíyà tí kò padà, ẹ má jókòó sínú yàrá kẹ́ ẹ máa ronú ohun tó máa sọ. Ẹ lọ bá irú ìyá bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ dákẹ́.

Lílọ sì ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ ọ́, ìwà ìkánjú ti bá èyí jẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ò lè dé ọ̀dọ̀ bàbá onílù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ na fóònù sí i lẹ́nu, kẹ́ ẹ ká ohùn rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì máa lọ. Ẹ kí i bó ṣe yẹ. Ẹ mú nǹkan dání. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má béèrè ohunkóhun yàtọ̀ sí àlàáfíà ilé. Ẹ tún lọ. Ẹ bá a gbé ìlù lọ sóde ìnáwó, kẹ́ ẹ rí bó ṣe ń wo ojú olówó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Bó bá sọ pé ohun kan kì í jáde síta, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bá gbà kí ẹ lò á tó yín ṣe eré. Nígbà tí eré bá sì jáde, ẹ fi í jókòó síwájú, ẹ dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, ẹ fún un nínú owó géètì. Mo rí ọ̀dọ́ tó gba oríkì ìran kan lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan, tó fi ṣe eré, tí ìyá náà kò mọ̀ títí tó fi kú. Inú mi bàjẹ́ sí i títí dòní.

Ẹ má sì rò pé ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kan ni kíkọ́ wà fún. Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti lórúkọ, ó ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, eré rẹ̀ Ìfẹ́ Owó ti kárí ilẹ̀ Yorùbá, kó tó lọ fi oṣù mélòó kan kọ́ṣẹ́ sí i ní yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni Lánkẹ́ Ọ̀mu ti jáde lọ́dún 1963, láti inú ìwé Amos Tutùọlá, tí Demas Nwoko sì bá a ṣe ohun ojú ìtàgé. Àgbà òṣèré ni, ó sì jókòó bí ọmọ iléèwé.

Ní ti ẹgbẹ́, àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ Dúró kì í ṣe òṣèré lásán. Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná ìtàgé, kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ fún àwòrán tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe. Múráínà Oyèlámì ṣe eré lọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà di olùyàwòrán, ó sì tún di ọ̀gá nínú ìlù. Taiwo Olaniyi tí wọ́n ń pè ní Twins Seven-Seven, oníjó tó ń bá àwọn tó ń ta oògùn rìn láti ìlú dé ìlú ni nígbà tó yọjú sí Mbári Mbáyọ̀. Ẹ wo irú àwọn tó gbà mọ́ra: ó gba oníjó, ó gba oníná, ó gba ọmọ onílù, kò béèrè ìwé ẹ̀rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún wà, tó ń ṣe Ọya sí Ṣàngó rẹ̀. Ẹni tó bá rí i nígbà tí Ọya kẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀ tó sì ń lọ kò ní gbàgbé. Lẹ́yìn tí Dúró kú ní 1978, obìnrin yìí ló di ẹgbẹ́ náà mú. Nítorí náà, ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, bí ẹ bá ń kọ eré tí obìnrin kò ní iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ ju kó sunkún kó sì gbé oúnjẹ wọlé, àwọn tó mọṣẹ́ nínú wọn á fi yín sílẹ̀, wọ́n á sì jàre.

Owó ńkọ́? Mi ò ní pa irọ́ fún yín. Àwọn ẹgbẹ́ ìgbà yẹn rìn lórí lọ́rì àtijọ́. Ẹnìkan á ṣáájú lọ lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ògiri, kó gba gbọ̀ngàn, kó gbàṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Lọ́sàn-án ọjọ́ eré, lọ́rì á máa yí ìlú po pẹ̀lú gbohùngbohùn àti ìlù. Lálẹ́, bí òjò bá rọ̀, gbogbo ìnáwó náà wọmi. Àwọn òṣèré á sùn sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé, wọ́n á sì jí lọ sí ìlú mìíràn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló tú ká, kì í sì í ṣe nítorí pé owó ò wọlé nìkan. Nítorí pé ọ̀gá nìkan ló mọ iye tó wọlé ni. Ẹ ra ìwé kan. Ẹ kọ iye tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ tà, iye tí ẹ san fún gbọ̀ngàn, owó epo jẹnẹrétọ̀, owó oúnjẹ. Ẹ kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́ lóru ọjọ́ náà kí ẹ tó pín ohun tó kù, kódà bó ṣe ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló kù. Ẹ sì ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Hubert Ògúndé ṣì ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde l'Ékòó ní 1944, kò sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ títí di 1946.

Bí mo ti dárúkọ Ògúndé, ẹ gbọ́ èyí náà. Ní 1964, ó ṣe Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sì fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Ibi tí oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá gan-an ni. Ó di 1966 tí ìjọba ológun dé kí wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Tí ọ̀rọ̀ òtítọ́ bá wà nínú yín sí àwọn aláṣẹ, ẹ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín jókòó kí ẹ tó sọ ọ́. Òṣèré tó lọ́mọ nílé ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó ń bọ̀.

Àwọn kan nínú yín ń bi mí bóyá kí àwọn máa kọ eré ní Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn lè jáde nílùú. Ní 1964, Ọba Kò So lọ sí Berlin. Ní 1965, ó lọ sí Bìrìtéènì fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é, Yorùbá tó jinlẹ̀ débi pé àwa tí a bí sínú èdè náà gan-an kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn òǹwòran Jámánì kò mọ ìtumọ̀ oríkì kan, ṣùgbọ́n wọ́n rí ọba tó ń bínú, wọ́n rí i tó pa àwọn èèyàn ara rẹ̀ nínú ìbínú yẹn, tí ìyàwó fi í sílẹ̀, tí kò wá ní ibi tó máa yà sí. Ìyẹn kò nílò ògbufọ̀. Mi ò ní kí ẹ má kọ Gẹ̀ẹ́sì; ẹni tó bá ń lá àlá rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kó kọ ọ́. Àmọ́ ẹ má tìtorí pé òde jìn kẹ́ ẹ ju èdè tí ọwọ́ yín mọ́ nù.

Ẹ má sì bẹ̀rù pé ẹlòmíì ti sọ ìtàn tí ẹ fẹ́ sọ. Dúró ṣe Ọba Wàjà ní 1964, lórí ìṣẹ̀lẹ̀ Ọ̀yọ́ tí òyìnbó aláṣẹ kan ti dí ẹni tó yẹ kó bá ọba tó wàjà kú lọ́wọ́, tí ọmọ ẹni náà sì kú dípò rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, Ṣóyínká kọ Death and the King's Horseman lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn méjèèjì dúró gedegbe.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun ló sì ń dùn mí jù. Àìmọye eré ni àwọn alárìnjò wa ṣe tí kò sí ìwé rẹ̀ lónìí. Ọ̀gá á sọ ìtàn fún àwọn òṣèré, yóò sọ ẹni tó máa wọlé àti ẹni tó máa jáde, kálukú á sì wá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ohun tó dùn wà níbẹ̀, nítorí eré náà ń tún ara rẹ̀ ṣe lálaalẹ́ bí òǹwòran bá ṣe gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá bá kú, tí ẹgbẹ́ tú ká, ó parí. Nígbà tí fíìmù dé, tí fídíò tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá fi ìtàgé sílẹ̀, wọ́n sì fi àwọn eré wọ̀nyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ń rántí orúkọ eré àti orin kan tàbí méjì. Ọba Kò So bọ́ nínú èyí nítorí pé àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn jókòó, wọ́n ká ohùn rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú Dúró fi lè kà á, kó sì ṣe é.

Fídíò tí ẹ ń gbé sórí Instagram kò tó. Fóònù ń bàjẹ́, ìkànnì ń kú, apá kan eré ló sì máa ń wà níbẹ̀. Ẹ tẹ eré yín sínú ìwé, látòkè délẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀ kí ẹni tí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín lè pè é bó ṣe yẹ. Ẹ kọ orúkọ ìlù tó ń dún níbi kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí ìlù náà ń sọ. Ẹ tẹ ẹ̀dà mẹ́ta: ẹ fi ọ̀kan sọ́wọ́ ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ọ̀gá, ẹ gbé ọ̀kan lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì tó súnmọ́ yín, kẹ́ ẹ gba ìwé pé wọ́n rí i gbà, kẹ́ ẹ sì fún ẹni tó kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní ìkẹta, bí kò tilẹ̀ mọ̀wé. Bí òṣèré kan bá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ kan, tó dára ju èyí tí ẹ kọ lọ, ẹ fi í sínú ìwé náà kí ilẹ̀ tó mọ́, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí etí ewé ibẹ̀.